Ọmọ tí a Kò Kọ́ àti Ilé tí a Kọ́: Iṣẹ́ Àánú Àwọn Ilé Àṣẹ Kétu ní Bàhíà

Àwọn àgbà a máa wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe yìí so nǹkan méjì pọ̀ tí àwọn ènìyàn sábà máa ń yà sọ́tọ̀, èyíinì ni ilé àti ẹ̀kọ́. Ẹni tó kọ́lé fún ọmọ láìfún un ní ẹ̀kọ́ kò tíì fún un ní ogún. Ẹni tó sì fún ọmọ ní ẹ̀kọ́ láìní òrùlé tí yóò sùn sábẹ́ rẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Ní òdìkejì òkun, ní ìlú Salvador tó jẹ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bàhíà ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì, àwọn ènìyàn tí a kó lẹ́rú lọ, tí àrọ́mọdọ́mọ wọn sì ń fi orúkọ Kétu pe ilé òrìṣà wọn títí di òní, fi òwe náà ṣe ìwà hù. Wọn kò ní ọba lórí ìtẹ́, wọn kò ní ilẹ̀ baba, wọn kò sì ní owó ìpamọ́. Síbẹ̀ wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n kọ́lé sí i, wọ́n gba aláìní sínú rẹ̀, nígbà tó sì yá wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ òrìṣà. Bí èyí ṣe ṣẹlẹ̀ jẹ́ apá kan ìtàn Kétu, kò sì yẹ kí ọmọ Kétu tó wà nílé ṣàìmọ̀ ọ́n.

Bí orúkọ Kétu ṣe rékọjá òkun

Kétu wà lára àwọn ìlú aládé tí ìtàn sọ pé àwọn ọmọ Odùduwà tẹ̀ dó lẹ́yìn tí wọ́n jáde kúrò ní Ilé-Ifẹ̀. Ìdílé ọba márùn-ún ni oyè Alákétu ń yí ká láàárín wọn: Àrò, Alápìíní, Magbó, Mẹ́fù àti Mẹ́ṣà. Odi ìlú náà àti ẹnu ọ̀nà Àkàbà Ìdẹ̀nà fi hàn pé ìlú tó mọ ogun ni. Ọ̀tá tó le jù lọ fún un ni Dàhòmì. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kọlu abúlé Kétu, wọ́n sì kó ènìyàn lẹ́rú. Ní 1883 wọ́n tún padà wá. Ní 1886 wọ́n pa ìlú náà run. Ó di 1894, lẹ́yìn tí Faransé ti ṣẹ́gun Béhanzin, kí àwọn tó ṣẹ́kù tó padà wá tún ìlú wọn tẹ̀ dó.

Nígbà tí ìlú bàjẹ́ ní 1886, òwò ẹrú sí Bràsíìlì ti dáwọ́ dúró láti àárín ọ̀rúndún náà. Nítorí náà, kì í ṣe àwọn tí ogun ìkẹyìn yìí kó ló gbé orúkọ Kétu dé Bàhíà, bí kò ṣe àwọn tí a ti kó ṣáájú wọn. Wọn kò sì dá lọ. Nínú ọkọ̀ kan náà ni ará Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà, àwọn ará Bàhíà sì pe gbogbo wọn ní Nàgó, orúkọ tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ṣì ń lò fún ẹni tó ń sọ èdè Yorùbá. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, orúkọ Kétu borí nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Nínú ẹ̀sìn òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Candomblé lọ́hùn-ún, ilé tó bá ń tẹ̀lé ìlànà Yorùbá ni wọ́n ń pè ní ilé orílẹ̀ Kétu, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ọdẹ ni wọ́n sì ń kí ní ọba Kétu.

Ní àdúgbò Matatu ní Salvador, ilé òrìṣà kan wà tó ń jẹ́ Alákétu gan-an. Ìtàn tí ilé náà ń sọ nípa ara rẹ̀ ni pé ọmọdébìnrin kan láti ìdílé ọba Àrò, Otampê Ojarô, ni ọmọ ogun Dàhòmì jí gbé pẹ̀lú ìkejì rẹ̀, tí wọ́n sì tà wọ́n sí Bàhíà. Wọ́n ní Òṣùmàrè fara hàn bí ọlọ́rọ̀ kan, ó rà wọ́n, ó sì dá wọn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Otampê Ojarô padà sílé, ó lọ́kọ, ó sì bá ọkọ rẹ̀ rékọjá òkun lẹ́ẹ̀kan sí i láti wá ra ilẹ̀ tí ilé náà wà lórí rẹ̀. Olga Francisca Régis, ìyálórìṣà tó wà nípò títí ó fi kú ní 2005, ka ara rẹ̀ mọ́ ìran yìí. Ẹni tó bá fetí sí ìtàn náà dáadáa yóò rí i pé ohun àkọ́kọ́ tí òrìṣà ṣe nínú rẹ̀ ni pé ó tú ènìyàn sílẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó gba ìtúsílẹ̀ sì ṣe ni pé ó wá ilẹ̀ tí àwọn mìíràn yóò máa gbé.

Ìlú tí òfin kò fẹ́ kí ọmọ Áfíríkà ní ilé

Kí iṣẹ́ wọn tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kí ó mọ ohun tí wọ́n bá pàdé. Ní òru ọjọ́ 24 sí ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Áfíríkà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Nàgó, dìde ogun ní Salvador láti gba òmìnira. Orúkọ tí a fi mọ̀ wọ́n, Malê, kò jìnnà sí ìmàle tí Yorùbá ń pe Mùsùlùmí. Ọ̀tẹ̀ náà kò yọrí sí rere. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n na àwọn kan ní pàṣán, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ padà sí etíkun Áfíríkà. Láàárín oṣù mẹ́rin, ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ìjọba Bàhíà gbé òfin kẹsàn-án jáde. Òfin yìí fi owó-orí pàtàkì lé ọmọ Áfíríkà tó ti gba òmìnira lórí, ó sì kà á léèwọ̀ fún un láti ra ilẹ̀ tàbí ilé ní orúkọ ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ogún ọdún láti ra ara rẹ̀ padà lọ́wọ́ olówó rẹ̀ kò gbọdọ̀ ra ògiri mẹ́rin tí yóò kú sínú rẹ̀. Ìwé náà kò tọ́ sí i: ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ń bẹ ní títì mọ́ ẹrú. Nígbà tí Bràsíìlì fi òpin sí oko ẹrú ní 1888, ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún náà ni ó tún bọ́ sí, ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta géérégé lẹ́yìn òfin tó fi ilé dù wọ́n. Òfin ìtúsílẹ̀ náà kúrú. Kò fún ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀, kò fún ẹnikẹ́ni ní ilé, kò sì dá ilé-ẹ̀kọ́ kankan sílẹ̀. Ohun tí ìjọba kò ṣe yìí ni àwọn ẹlẹ́sìn fi ọwọ́ ara wọn ṣe.

Èsúsù òmìnira

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ni ẹgbẹ́ ìjọ Àgùdà. Ìjọ Kátólíìkì fàyè gba àwọn adúláwọ̀ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ kan. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1832, ọmọ Áfíríkà kan tó ti gba òmìnira, Manoel Victor Serra, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lábẹ́ ààbò Ìyá Wa ti Ìdánìkanwà láti máa ran aláìní lọ́wọ́. Àwọn tó ń ru ẹrù, tó ń ta ọjà lójú pópó, tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ jẹun ni wọ́n. Inú àpótí kan ni wọ́n ń kó owó sí, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló ń ṣí i, ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni àwọn kọ́kọ́rọ́ náà wà, kí ẹnì kan má baà dá a ṣí. Owó yìí ni wọ́n fi ń tọ́jú aláìsàn, tí wọ́n fi ń sin òkú, tí wọ́n fi ń ran opó lọ́wọ́. Ní 1851 ẹgbẹ́ náà di èyí tí wọ́n ń pè ní Sociedade Protetora dos Desvalidos, Ẹgbẹ́ Aláàbò Àwọn Aláìní. Ó wà títí di òní, ilé rẹ̀ sì wà ní àárín ìlú àtijọ́ Salvador.

Ẹni tó bá mọ èsúsù kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ibi tí wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n yìí. Ní ìta ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú, àwọn ọmọ Áfíríkà máa ń dá owó jọ fún ara wọn, tí ẹni tó bá kàn yóò kó, tí yóò sì fi ra òmìnira rẹ̀. Ẹni tó ti gba òmìnira kò sì ní ṣíwọ́ dídá, títí àwọn tó kù yóò fi rí tiwọn gbà.

Ọ̀nà kejì ni ilé òrìṣà. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Ilé Àṣẹ Ìyá Nasó Ọká bẹ̀rẹ̀, ilé tí àwọn ará Salvador mọ̀ sí Casa Branca, Ilé Funfun. Ìyá Nasó fúnra rẹ̀ padà sí ilẹ̀ Áfíríkà ní 1837, lẹ́yìn tí ọ̀tẹ̀ 1835 ti fa àwọn ọmọ rẹ̀ sí ẹjọ́. Marcelina da Silva, tí orúkọ òrìṣà rẹ̀ ń jẹ́ Ọbatósí, ló wá di ìyálórìṣà lẹ́yìn rẹ̀. Láti inú ilé yìí ni àwọn ilé ńlá mìíràn ti yọ, Gantois ní 1849, Òpó Àfọ̀njá ní 1910. Nínú wọn, Òpó Àfọ̀njá ni iṣẹ́ ilé àti ẹ̀kọ́ ti hàn kedere jù lọ.

Ìyá Aninha àti ilẹ̀ São Gonçalo

A bí Eugênia Anna dos Santos, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìyá Aninha, ní Salvador ní 1869, nígbà tí oko ẹrú ṣì wà. Gúrúńsì ni àwọn òbí rẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n wá láti àríwá jíjìn sí ilẹ̀ Yorùbá. Wọn kì í ṣe ọmọ Kétu, wọn kì í sì ṣe ọmọ Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n ilé Yorùbá ló ti gba òrìṣà, Ṣàngó ni olórí rẹ̀, ó sì di ọ̀kan lára àwọn tó dáàbò bo orúkọ Kétu jù lọ ní Bàhíà. Ọ̀rọ̀ yìí tó kí àwọn tó ń fi ìran nìkan wọn ènìyàn ronú lé lórí. Ìyá Aninha kò jogún Kétu nípa ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ ló fi gbà á.

Oníṣòwò ni. Owó tó rí nínú òwò àti ọrẹ àwọn ọmọ rẹ̀ nínú òrìṣà ló fi dá Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá sílẹ̀ ní 1910, lórí òkè São Gonçalo do Retiro, tó jìnnà sí àárín ìlú nígbà náà. Ilẹ̀ náà fẹ̀ tó nǹkan bíi hẹ́kítà mẹ́rin. Wọ́n kọ́ ilé Ṣàngó, ilé Ọ̀ṣun, ilé Òṣàálá, ilé Ọ̀ṣọ́ọ̀sì àti ti àwọn òrìṣà yòókù, wọ́n dá igbó òrìṣà sí, ní ẹ̀gbẹ́ wọn ni ilé àwọn ènìyàn sì wà. Àwọn ọmọ ilé ló kọ́ ọ fúnra wọn, bí a ti ń ṣe ọ̀wẹ̀ ní oko Kétu: mọlémọlé mú ohun èlò rẹ̀ wá, gbẹ́nàgbẹ́nà mú tirẹ̀, àwọn obìnrin pọn omi, wọ́n sì se oúnjẹ. Àgbà obìnrin tí kò ní ọmọ, ìdílé tí kò rí owó ilé san ní ìgboro, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti kú, wọ́n rí ibi fi orí lé.

Ní 1936, Ìyá Aninha gbé ìgbésẹ̀ kan tó fi hàn pé ó mọ ohun tó lè ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ó mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá wà ní orúkọ ènìyàn kan, ọjọ́ tí onítọ̀hún bá kú ni ìjà yóò dé. Ní ọdún yẹn ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tó ní ìwé àṣẹ ìjọba sílẹ̀, Sociedade Cruz Santa do Axé Opô Afonjá, Ẹgbẹ́ Àgbélébùú Mímọ́ ti Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá, ẹgbẹ́ yìí ló sì di alábòójútó ohun-ìní ilé. Ẹni tó ń gbé níbẹ̀ lè kọ́ yàrá kún yàrá pẹ̀lú àṣẹ ìyálórìṣà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ láti tà. Báyìí ni wọ́n ṣe dí ọ̀nà mọ́ ọmọ tí òwe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Orúkọ àgbélébùú tó wà lára ẹgbẹ́ ilé òrìṣà kò gbọdọ̀ ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọlọ́pàá ń dá ilé òrìṣà rú ní ìgbà yẹn, wọ́n ń kó ìlù, wọ́n sì ń mú ènìyàn lọ sí àtìmọ́lé. Ní Bàhíà, ilé òrìṣà ní láti gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí ó tó lè ṣe ọdún rẹ̀, ó sì di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1976 kí gómìnà tó fi òpin sí i. Lábẹ́ irú ipò yẹn náà, ilé Ìyá Aninha ṣì jẹ́ ibi ìsádi fún ẹlòmíràn. Ní 1937, nígbà tí ìjọba Getúlio Vargas ń wá Edison Carneiro, ọ̀mọ̀wé tó ṣètò ìpàdé ńlá lórí àṣà adúláwọ̀ ní Salvador ní ọdún kan náà, Òpó Àfọ̀njá ni ó sá pamọ́ sí. Àwọn tí ọlọ́pàá ń ṣọ́ tọwọ́ bọ ẹnu, wọ́n sì fi òrùlé wọn bo ẹni tí ọlọ́pàá ń lé.

Ọba méjìlá ní ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì

Ní 1936 yìí kan náà ni Ìyá Aninha, pẹ̀lú ìmọ̀ràn babaláwo àgbà Martiniano Eliseu do Bonfim, fi àwọn Ọbà Ṣàngó méjìlá jẹ. Bàhíà ni a bí Martiniano sí. Baba rẹ̀ mú un lọ sí Èkó ní 1875, níbi tó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ìwé ìjọ tó sì kọ́ Ifá, ó sì padà ní 1886. Ó fi ẹ̀kọ́ náà jẹun, nítorí ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Salvador.

Oyè tí wọ́n fi jẹ àwọn ènìyàn náà jẹ́ ohun tí ọmọ ilẹ̀ Yorùbá yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní ọwọ́ ọ̀tún: Abíọ́dún, Àrẹ, Àróolú, Tẹ́là, Ọdọ̀fin, Kakaǹfò. Ní ọwọ́ òsì: Ọ̀náṣokùn, Arẹ̀sà, Ẹlẹ́rìn-ín, Oníkòyí, Olúgbọ́n, Ṣọ̀run. Orúkọ ọba, orúkọ ìjòyè, orúkọ balógun ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, tí ìrántí gbé la òkun kọjá fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oyè ìwúre lásán. Iṣẹ́ Ọbà ni láti gbé ilé ró: láti wá owó tí òrùlé bá ń jò, láti bá ilé sọ̀rọ̀ níwájú ìjọba, láti ran àwọn ọmọ ilé lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn ènìyàn ńlá Bàhíà wọ inú ìgbìmọ̀ náà. Òǹkọ̀wé Jorge Amado jẹ Àróolú, ayàwòrán Carybé jẹ Ọ̀náṣokùn, olórin Dorival Caymmi jẹ Oníkòyí. Òkìkí tí wọ́n ní ni wọ́n fi di odi fún ilé tí odi rẹ̀ kò ga.

Ohun tí Ìyá Aninha fẹ́ fún àwọn ọmọdé kò farapamọ́. Títí di òní ni wọ́n ń rántí pé ó máa ń sọ ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ láti rí àwọn ọmọ ilé pẹ̀lú òrùka akẹ́kọ̀ọ́jáde yunifásítì ní ìka, kí wọ́n sì wà ní ẹsẹ̀ Ṣàngó síbẹ̀. Kò fẹ́ kí ọmọ fi ọ̀kan gba ìkejì. Ó kú ní ọjọ́ 3 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1938. Kò rí ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Aṣípa padà sí ààfin Kétu

Lẹ́yìn rẹ̀, Maria Bibiana do Espírito Santo, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Senhora, darí ilé náà títí di 1967. Ọmọ-ọmọ-ọmọ Marcelina Ọbatósí ni. Ní 1952, Aláàfin Ọ̀yọ́ fi oyè Ìyá Nasó ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ Pierre Verger, ará Faransé tó di babaláwo ní Kétu tó sì ń jẹ́ Fátúnmbí.

Ọmọ bíbí Ìyá Senhora ni Deoscóredes Maximiliano dos Santos, tí ayé mọ̀ sí Mestre Didi, oníṣẹ́ ọnà àti òǹkọ̀wé. Ìdílé wọn ń pe ara wọn ní Aṣípa, wọ́n sì ní oríkì kúkúrú kan tí ìyá ń kọ́ ọmọ láti ìran dé ìran, láìmọ̀ mọ́ bóyá ẹnikẹ́ni wà ní Áfíríkà tó lè dá a mọ̀. Ní 1967, Mestre Didi dé ààfin Kétu. Níwájú Alákétu àti àwọn ìjòyè, wọ́n ní kí ó sọ nǹkan tó jẹ́ ti ìdílé rẹ̀, ó sì ké oríkì náà. Ọba dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó pe orúkọ Aṣípa, ó sì nawọ́ sí apá ibi tí ilé ìdílé náà wà. Wọ́n mú un lọ síbẹ̀, ó sì bá àwọn ẹbí tí kò rí rí.

Ìtàn yìí ni a sábà máa ń sọ bí ìtàn ìpadàbọ̀. Ó tún jẹ́ ìtàn ẹ̀kọ́. Ìyá tí kò ní ìwé ló kọ́ ọmọ rẹ̀, ọmọ náà kọ́ tirẹ̀, nínú ilẹ̀ tí wọ́n ti ń na ènìyàn nítorí ìlù, ẹ̀kọ́ náà kò sì yingin títí ó fi dé etí Alákétu. Mestre Didi mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìwádìí àṣà adúláwọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan fún àwọn ọmọdé lórí ilẹ̀ Òpó Àfọ̀njá. Wọ́n fi orúkọ òrìṣà Ìyá Aninha pè é: Ọbabíyìí.

Ilé-ẹ̀kọ́ lórí ilẹ̀ òrìṣà

Ní 1976 ni Maria Stella de Azevedo Santos di ìyálórìṣà. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni òrìṣà rẹ̀, orúkọ tó gbà nígbà tí wọ́n ṣe òrìṣà fún un ní 1939 sì ni Ọdẹkáyọ̀dé. Iṣẹ́ olùtọ́jú ìlera ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe fún ìjọba, tó ń lọ láti ilé dé ilé láàárín àwọn tálákà Salvador. Ó ti rí ohun tí àìmọ̀wé ń ṣe fún ọmọ.

Lábẹ́ rẹ̀, ibi ìtọ́jú ọmọ tó ń jẹ́ Ọbabíyìí dàgbà di ilé-ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ Escola Eugênia Anna dos Santos, ìjọba ìlú Salvador sì wá gbà á wọ inú àwọn ilé-ìwé rẹ̀. Inú ọgbà Òpó Àfọ̀njá ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà. Ọmọ ilé àti ọmọ àdúgbò ló ń lọ síbẹ̀; wọn kì í béèrè ẹ̀sìn òbí. Ọ̀mọ̀wé Vanda Machado, tó jẹ́ ọmọ ilé náà, bá wọn ṣe ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n pè ní Irê Ayó. Nínú rẹ̀, ìtàn àwọn òrìṣà àti ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà di ohun tí olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ ní kíkà, ìṣirò àti ìmọ̀ nípa ewé àti ẹranko. Ó di 2003 kí òfin orílẹ̀-èdè Bràsíìlì tó sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ilé-ìwé máa kọ́ni ní ìtàn Áfíríkà. Àwọn ọmọ òkè São Gonçalo ti ń kọ́ ọ ṣáájú òfin.

Ìyá Stella kò dúró síbẹ̀. Ó dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ nínú ọgbà náà, ó pè é ní Ilé Ohun Láíláí. Ó kọ ìwé, ó sì máa ń kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn. Ní 2013 wọ́n gbà á wọ inú Àjọ Àwọn Òǹkọ̀wé Bàhíà, ipò tí ìyálórìṣà kankan kò tíì dé rí. Ó kú ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá ọdún 2018, ní ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Òrùka tí Ìyá Aninha fẹ́ rí ti wà ní ìka ọ̀pọ̀ ọmọ ilé nígbà náà.

Ìjà ilẹ̀ kò tíì tán. Casa Branca fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ nítorí pé ìwé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ibùdó ìtapo mọ́tò ti wà níwájú rẹ̀ rí. Ní 1984 ni ìjọba àpapọ̀ Bràsíìlì kà á mọ́ ohun ìní orílẹ̀-èdè, ilé òrìṣà àkọ́kọ́ tó gba irú ààbò bẹ́ẹ̀. Òpó Àfọ̀njá rí tirẹ̀ gbà ní 2000. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ilé àwọn àlejò ti ń rọ̀gbà yí òkè náà ká, igbó òrìṣà sì ń kéré sí i.

Ohun tó kù fún àwọn tó wà nílé

Àwọn kan lára àwọn tí a kó lọ padà wá. Àwọn Àgùdà tó gúnlẹ̀ sí Glẹ́hùé, Àjàṣẹ́ àti Èkó mú iṣẹ́ mọlémọlé àti ti gbẹ́nàgbẹ́nà wá, ilé wọn sì ṣì wà lójú pópó Àjàṣẹ́, títí kan mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n fi àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà kọ́. Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ wà nínú wọn, olórìṣà náà sì wà. Ẹgbẹ́ Manoel Victor Serra jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀tẹ̀ 1835 jẹ́ ti mọ́ṣáláṣí, Òpó Àfọ̀njá jẹ́ ti òrìṣà. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé ẹni tó gbàgbọ́ kò fi aláìní sílẹ̀ sí ìta.

Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Pọ́bẹ̀, ní Sákétẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, ààfin wà, ìdílé wà, ilẹ̀ ẹbí wà. Àwọn tó wà ní Bàhíà kò ní ọ̀kankan nínú àwọn wọ̀nyí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ ẹbí bá ń di títà ní bẹ̀rẹ̀bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ tó ń tà á kò sì lè ké oríkì ẹni tó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún un, òwe ti ṣẹ sí ìdílé náà lára. Ìyá Aninha tí kì í ṣe ọmọ Kétu dí ọ̀nà yìí pa pẹ̀lú ìwé ẹgbẹ́ ní 1936. Ìdílé aládé tó ní àgbààgbà, tó ní amòfin àti olùkọ́ láàárín àwọn ọmọ rẹ̀, lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: kí apá kan ilẹ̀ di ti gbogbo ẹbí láìṣe é tà, kí opó àti arúgbó rí yàrá níbẹ̀, kí ọmọdé rí ibi kàwé sí lábẹ́ rẹ̀. Oyè pàápàá lè gba iṣẹ́ kún ara rẹ̀, bí oyè àwọn Ọbà méjìlá ti rí, kí ẹni tí a bá fi jẹ ní ọ̀tún tàbí ní òsì mọ òrùlé tó wà ní ìtọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí Alákétu nawọ́ sí ilé Aṣípa ní 1967, ilé náà ṣì wà níbẹ̀ láti nawọ́ sí, ọmọ náà sì mọ ọ̀rọ̀ tí yóò fi béèrè rẹ̀. Kí àtìlẹ́yìn Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, ọba Kétu, má yẹ̀ lórí àwọn tó kọ́ ilé, kí ó má sì yẹ̀ lórí àwọn tó kọ́ ọmọ. Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀.